Nítorí Ngozi Tí O Lé Síta

Okokomaiko,
Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Tí o bá ń jẹun lọ́wọ́, gbé abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí o tó ka èyí. Tí ọkọ rẹ bá wà nítòsí, sọ fún un pé kó ní sùúrù díẹ̀, ìyá rẹ ń bá ọ sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ pé mo jókòó sí Okokomaiko, tí mò ń kọ lẹ́tà sí ọmọ mi tó wà ní ẹ̀sítéètì Ìbà, yóò ní orí mi ti ń dàrú, nítorí ọkọ̀ kan péré ló máa gbé mi débẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ irú ọmọ tí mo bí. Tí mo bá wá, kí n tó sọ gbólóhùn kan tán, wàá ti fèsì sí èyí tí mi ò tíì sọ. O ò lè já lu ọ̀rọ̀ ìwé. Jókòó kí o kà á dé òpin.

Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà rò pé mo kàn ní kí n kí ọ ni. Lọ́jọ́ Sunday tí o wá sílé, o sọ ọ̀rọ̀ kan tẹ̀rín-tẹ̀rín lójú àwọn ará ìjọ tó bá wa jẹun. O ní o ti lé ọmọbìnrin kan síta ní kíláàsì Prámárì Síìsì tí wọ́n fún ọ, ọmọ Íbò kan tó ń jẹ́ Ngozi, nítorí pé ó kọ̀ láti máa kúnlẹ̀ kí ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn láràárọ̀. O ní kó má padà wá títí wọn yóò fi kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Arábìnrin tó jókòó tì mí tilẹ̀ ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, tíṣà!" Mo ń bu ọbẹ̀ fún wọn, mi ò sọ nǹkan kan. Nítorí àlejò ni mo ṣe dákẹ́, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi.

Ìdánwò tí àwọn ọmọ náà yóò fi wọ sẹ́kọ́ńdírì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo ń ráhùn pé o ò tíì kọ́ wọn dé ibi tó yẹ. Ọmọ tí kò wá sí kíláàsì lásìkò tí ẹ ń sáré báyìí, kí ló fẹ́ lọ kọ níbẹ̀? Ṣé o rò ó kí o tó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà fún un? O ò rò ó, Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ọ́ sí iṣẹ́ tíṣà ní sáà tó kọjá, o ti ń lé ọmọ ọlọ́mọ kiri.

Jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún ọ nípa irú ilé ìwé tí o wà yìí, nítorí irú rẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. O rò pé gbogbo rẹ̀ lo mọ̀ nítorí pé ẹ̀yìn mi lo ń tẹ̀ lé nígbà tí o wà ní kékeré. Ìjókòó nìkan lo rí. O ò rí ohun tí ojú mi rí.

Àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí Okokomaiko láti Abẹ́òkúta, mo gbà pé mo mọ iṣẹ́. Mo ti kọ́ ọmọ nílé, gbogbo wọn ń gbọ́ mi, gbogbo wọn ń pè mí ní Ìyáa wa. Ilé ìwé tí mo bá níbí ni èyí tí àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé adìyẹ ni, nítorí ògiri rẹ̀ kò ga kọjá àyà èèyàn. Tí tíṣà kejì bá ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ìṣirò náà ni ìwọ náà ń kọ́ tipátipá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo wọ búláòsì tí mo lọ̀ bí ẹni ń lọ síbi ìyàwó, mo dúró níwájú wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́. Mo fi gbogbo ẹnu Ẹ̀gbá mi pa á. Mo kọrin, mo gbé ohùn sókè, mo fò. Nígbà tí mo parí, àwọn díẹ̀ lápá iwájú rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn. Ọmọbìnrin kan wá nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn, ọmọ ọkùnrin kan tó ń ta àgbò ní Alaba Rago. Ó ní, "Antí, ẹ jọ̀ọ́, kí la ń rín?"

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú wọn dáadáa. Ọmọ Ègùn wà níbẹ̀ tí Yorùbá rẹ̀ kò ju èyí tó fi ń ra búrẹ́dì lọ. Ọmọ ṣọ́jà wà níbẹ̀ láti bárékè, tí wọ́n ń gbé kiri láti ìlú kan sí òmíràn, tó jẹ́ pé kó tó mọ orúkọ mi, wọ́n ti tún kó wọn lọ. Ọmọ Íbò, ọmọ Ìṣọ̀kó, ọmọ Gàmbàrí, ọmọ Àwórì onílé tí bàbá wọn ń gba owó ilé lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó kù. Èmi sì dúró, mò ń pa àlọ́ fún ara mi. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé kí o kọ́kọ́ mọ ẹni tó wà níwájú rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Ó yẹ kí ìwọ tó parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà mọ ìyẹn láìjẹ́ pé ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ̀wé.

Èkejì, má kánjú pẹ̀lú àwọn òbí wọn. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ lọ́dọ̀ wa nígbà náà, tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan ní Yorùbá, bàbá kan á yí i sí píjìn, ìyá kan á gbà á ní Ègùn, ẹlòmíràn á bá àwọn tirẹ̀ sọ ọ́ ní Íbò, bàbá alágbò náà á sì sọ ọ́ ní Haúsá. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe ń lọ lẹ́yìn ni yóò máa gùn sí i, tí wọn yóò máa fi tiwọn kún un, tí wọn yóò sì máa bá ara wọn jiyàn. Ó sú mi. Lọ́jọ́ kan mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi Yorùbá nìkan parí rẹ̀, nítorí ebi ń pa mí. Mo ní kí olúkúlùkù gbé bẹ́ǹṣì wá fún ọmọ rẹ̀ ní Monday, nítorí ìjọba kò fún wa ní ìjókòó. Gbogbo wọn mi orí pé àwọn ti gbọ́. Ní Monday, ìdajì kíláàsì gbé bẹ́ǹṣì lérí dé, ìdajì kò gbé nǹkan kan. Àwọn tó ní bẹ́ǹṣì kò jẹ́ kí àwọn tí kò ní jókòó. Ìjà tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ dé ibùdókọ̀. Ọ̀gá àgbà wa dé, ó wo bẹ́ǹṣì tó dojú délẹ̀, ó wò mí, ó fi orúkọ rẹ pè mí, ó ní, "Ìyá Fọlákẹ́, ṣé ẹ̀yin náà ti jẹun báyìí?" Láti ìgbà yẹn, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n túmọ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ ṣú.

Ìwọ ń kọ́? Ṣé o tilẹ̀ ní sùúrù láti gbọ́ ti bàbá ọmọ kan ṣoṣo? Mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ Ngozi. 

Lánàá, mo wọ aṣọ, mo lọ sí Alábà. O ti mẹ́nu bà á lọ́jọ́ Sunday pé rédíò ni bàbá rẹ̀ ń tà. Mo béèrè títí wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù náà hàn mí. Gbogbo ìlà náà ló ń dán rédíò wò lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò gbọ́ ohùn ara mi. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù tó ń fi àkísà nu eruku. Bí ó ṣe rí mi pé àgbàlagbà ni mí, kó tó mọ̀ bóyá mo wá ra nǹkan tàbí mo ṣìnà, ó fi àkísà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì, Àbẹ̀kẹ́, lórí símẹ́ńtì. Ó ní, "Ẹ káàsán mà."

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Dìde. Kí lorúkọ rẹ?"

Ó ní, "Ngozi, mà."

Ojú tì mí. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbójú sí. Ọmọ tí o ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé nìyẹn.

Bàbá rẹ̀ jáde láti inú. Irun rẹ̀ ti ń funfun, yóò tó ẹgbẹ́ bàbá rẹ dáadáa. Ó ní, "Mama, ẹ wọlé, ẹ jókòó. Rédíò ni àbí TV?" Mo ní n kò wá rà, èmi ni ìyá tíṣà Ngozi. Ojú rẹ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n kò lé mi. Ó pa rédíò tó ń ké létí wa, ó ní kí wọ́n ra míníra wá fún mi, ó wá jókòó sórí páálí.

Mo ní, "Bàbá Ngozi, ẹ má bínú. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó má kúnlẹ̀?"

Ó ní, "Mama, abeg, èmi kọ́ o. Lọ́dọ̀ tiwa, na God we dey kneel for, òótọ́ ni. But we don tey for Lagos. Ìyá Ṣẹ́gun, landlady wa, òun ló kọ́ ọ láti kékeré. Kò sẹ́ni tí kì í kúnlẹ̀ fún ní compound. Ẹ bi í fúnra yín. Ngozi, tell Mama."

Ọmọ náà tún mú àkísà. Ó ń nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo máa ń kúnlẹ̀. Antí kì í dá mi lóhùn."

Mo ní kó ṣàlàyé. Àbẹ̀kẹ́, gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní tí Bọ́lá bá kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, Antí á ní, "Àjọkẹ́, pẹ̀lẹ́ o, ọmọ dáadáa." Tí Rónkẹ́ bá kúnlẹ̀, Antí á ní, "Àṣàkẹ́, ṣé o sùn dáadáa?" Tó bá kan òun, Antí á kọjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn òun. Ìyá Ṣẹ́gun sì ti kọ́ ọ pé ọmọ kì í dìde lórí ìkúnlẹ̀ títí àgbà yóò fi ní kó dìde. Nítorí náà, ó ń wà nílẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fi orúnkún tì í, àwọn tó ti wọlé á máa rẹ́rìn-ín láti inú, wọ́n ń pè é ní alágbe, wọ́n ní ó ń tọrọ báárà lọ́wọ́ Antí. Ó ń dúró bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tó yá, ó dá ara rẹ̀ dìde. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti kúnlẹ̀ mọ́. Ìgbà tí kò kúnlẹ̀ mọ́ nìkan lo tó rí i.

Bàbá rẹ̀ wá ní, "Mama, ọmọ yìí wá bá mi nílé. Ó ní, 'Papa, kí ni oríkì mi?' Mo ní àwa ò ní that kind oríkì. Ó ní, 'So, tí mo bá kúnlẹ̀, kí ni Antí máa wá pè mí?' Mama, what I go tell am?"

 Mo gbé míníra náà kalẹ̀.

Ó tún ní ohun tí ìwọ kò sọ fún wa lọ́jọ́ Sunday. Ó ní òun wá sí ilé ìwé láti ṣàlàyé. Ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ọjà, ó wọkọ̀ wá sí Ìbà, ó kí ọ. Ó ní, "Your daughter no stand up. She sit down for chair, she dey mark book. Kò gbójú sókè. Ó ní kí n lọ train ọmọ mi." Àbẹ̀kẹ́! Ọkùnrin tó tó bàbá rẹ, o jókòó sórí àga, o bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ tó wá ra búrẹ́dì sọ̀rọ̀. Ìwọ tí o ń wá ìkúnlẹ̀ kiri bí ohun tó sọ nù! Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn? Kì í ṣe èmi. Bàbá rẹ tí ó wà ní sàréè kọ́.

Mo bẹ ọkùnrin náà. Mo bẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe máa ń bẹ onílé nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Ó ní òun kò bínú sí mi. Ó ní ìyá òun wà ní village, ó ti darúgbó, òun ti ránṣẹ́ sí i pé kó máa retí Ngozi. Tí Friday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá fi kọjá tí ọmọ náà kò tíì padà sí kíláàsì, yóò wọ mọ́tò lọ. Mo ní ìdánwò ń kọ́? Ó ní, "Which ìdánwò? Ẹni tí kò sí ní kíláàsì, wọ́n máa ń ṣe ìdánwò fún un?" Mo ní kó jẹ́ kí n mú ọmọ náà lọ fúnra mi ní Monday. Ó ní, "Mama, ẹ ṣeun, God bless you. But ẹ̀yin kọ́ lẹ lé e. Ẹni tó lé e ni kó wá pè é."

Òótọ́ ló sọ.

Ngozi sìn mí dé ojú títì. Ó gbé báàgì mi. Nígbà tí mo fẹ́ wọkọ̀, ó bi mí pé ṣé Antí ti kọ́ wọn ní ìdá tí wọ́n fi ń pín nǹkan tán, nítorí ibi tí wọ́n ń ṣe é dé nìyẹn lọ́jọ́ tó kúrò. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní òun ń dá a ṣe nílé, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ bóyá bí òun ṣe ń ṣe é ló yẹ. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó ní kí n padà sílé láyọ̀. Mo wọkọ̀, mo sì sunkún dé Okokomaiko. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ bi mí pé ṣé wọ́n jí mi lápò ni.

Ní báyìí, fetí sílẹ̀. Ìkúnlẹ̀ tí o ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, ìdajì rẹ̀ lo ń fi kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ á kúnlẹ̀, àgbà á dáhùn, á ní kó dìde. Tí àgbà kò bá dáhùn, àgbà ló hùwà àìmọ̀kan, kì í ṣe ọmọ. Gbogbo àárọ̀ tí o fi gbé lábẹ́ òrùlé mi, ǹjẹ́ ọjọ́ kan wà tí o kúnlẹ̀ tí mi ò dá ọ lóhùn? Àní lọ́jọ́ tí o fọ́ ìkòkò ọbẹ̀ mi, tí mo ti mú ẹgba lọ́wọ́, mo kọ́kọ́ ní, "Àbẹ̀kẹ́, dìde," kí n tó nà ọ́. Ohun tí mo fún ọ nìyẹn láràárọ̀, ohun náà ni o fi du ọmọ yìí nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò tètè wá sí ọ lẹ́nu.

Mo sì mọ̀ ọ́. Wàá ní ó dáa, wàá lọ sọ ọ́ ní Àdùkẹ́ tàbí Àyìnkẹ́, wàá rò pé o ti tún un ṣe. Má dán an wò. Mo bi bàbá rẹ̀ pé kí ni Ngozi, ó ní ìbùkún ni. Ọmọ náà ní orúkọ. Ngozi náà ni kí o máa pè é, kí o pè é dáadáa, kì í ṣe bí ẹni tí ata ta lẹ́nu. Béèrè orúkọ gbogbo àwọn tó kù náà, ti àwọn ọmọ Ègùn, ti ọmọ ṣọ́jà, kí o máa fi wọ́n sẹ́nu títí ẹnu rẹ yóò fi gbà á. Tí ọmọ kan bá lóṣòó kí ọ bí wọ́n ṣe ń kí bàbá rẹ̀ nílé, dáhùn. Tí òmíràn bá dúró tó ní "good morning", dáhùn. Iṣẹ́ tí ìjọba gbà ọ́ fún nìyẹn. Mi ò rò pé ó yẹ kí ìyá rẹ máa wọkọ̀ lọ sí Alábà láti bá ọ ṣe é.

Lẹ́tà yìí yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọ̀la, nítorí obìnrin tó ń ta fùfú ní àdúgbò yín ló ń bá mi mú un bọ̀. Bí ẹ bá ti tilẹ̀kùn ilé ìwé, má lọ sílé. Wọkọ̀ lọ sí Alábà. Má rán ẹnikẹ́ni, má sọ pé ó rẹ̀ ọ́, má dúró de ọkọ rẹ láti bá ọ lọ. Sọ fún ọmọ náà lẹ́nu ara rẹ pé kó padà wá ní Monday, kí o sì fún un ní gbogbo ibi tí ẹ ti kọ́ kọjá rẹ̀. Tí o bá rò pé tíṣà ti tóbi jù fún ìyẹn, má wulẹ̀ wá sílé mi ní Sunday, mi ò ní bu ọbẹ̀ fún ọ.

Ṣùgbọ́n kí o tó bá ọmọ sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kí. Kúnlẹ̀ kí i níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, orúnkún méjèèjì. Ọkùnrin náà lè máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ó lè máa ṣe bí ẹni tí kò rí ọ. Má dìde, Àbẹ̀kẹ́. Àwọn èèyàn á máa kọjá, wọ́n á máa wò ọ́, àwọn kan á tilẹ̀ máa rẹ́rìn-ín. Wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí yóò fi dá ọ lóhùn.

Ìyá rẹ,
tó ń retí ìròyìn rẹ láti Alábà.